Àwọn Ojú Ìwé Tí Mo Kọ Ṣáájú Ọjọ́ Wọn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

A ti gúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi le, báírò mi sì ń yọ̀. Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní, "Ìyá, ohunkóhun tí ojú yín bá rí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá bí ó ṣe máa dùn, ẹ ṣáà kọ ọ́." Ìdí nìyí tí ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin fi ń kọ̀wé nínú ọkọ̀ òfurufú! Obìnrin tó jókòó tì mí ń yọjú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ bo díẹ̀, mo sì jẹ́ kó rí díẹ̀.

Arúgbó mẹ́ta ni iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ kó wá: èmi, Bàbá Káfíńtà, àti Ìyá Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ká máa rìn kiri wo ìlú yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká máa lo àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún arìnrìn-àjò tó ti dàgbà, ká sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ọmọ ọmọ mi ló kó wa wá. Òun ni ọ̀gá wa níbí, nítorí náà Ọ̀gá Kékeré ni mo ń pè é. Ọdún méjì ló ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn láìrí ìwé ìgbanisíṣẹ́ gidi gbà. Wọ́n ní bí ìrìn àjò yìí bá lọ geere, wọ́n á fún un. Ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ nínú òfurufú kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kẹfà

Wọ́n pín ẹ̀rọ fún wa lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Àpótí tó ń tẹ̀lé ènìyàn láìsí pé a fà á. Ògbufọ̀ kékeré tí a ń gbé kọ́rùn. A bá a sọ Yorùbá, á sì fi èdè àwọn ará ibí sọ ọ́. Ìkẹta ni ẹ̀gbà ọwọ́ tó ní bọ́tìnnì pupa. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣubú, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, kó tẹ̀ ẹ́, fóònù Ọ̀gá Kékeré á dún, á sì fi ibi tí onítọ̀hún wà hàn án.

Àpótí Ìyá Agbẹ̀bí fi í sílẹ̀, ó tẹ̀lé ọmọge kan jáde ní ilé ìtura. Ìyá Agbẹ̀bí dúró, ó kàn ń wò ó. Ó ní, "Ẹ má dààmú. Bí ọkọ mi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó máa padà bí ebi bá pa á." Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó.

Ìwé fọ́ọ̀mù kan wà, ojú ìwé kan fún ọjọ́ kan, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ká kọ "Ó ṣiṣẹ́" tàbí "Kò ṣiṣẹ́" síwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ká sì buwọ́ lù ú ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá Káfíńtà kò mọ̀wé. Ìyá Agbẹ̀bí mọ̀ ọ́n ju èmi lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà kékeré mọ́. Ọ̀gá Kékeré wá yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni akọ̀wé wa."

Akọ̀wé. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àtàǹpàkò ni mo ń tẹ̀ sínú yíǹkì.

Ọjọ́bọ̀, kẹjọ

Òjò. Agboòrùn kan níbí, iye tí wọ́n ń tà á lè ra ewúrẹ́ àtọmọ rẹ̀ nílé. A kò rà á. A rọ́ wọ ilé tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ sí. Obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ká yára. Mo sọ fún ògbufọ̀ ọrùn mi pé, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi." Ẹ̀rọ sọ ọ́ tán, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò mi wò bóyá mo gbé ìgbín wọlé.

"Akọ̀wé," ni Bàbá Káfíńtà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi òwe sílé. Wọ́n máa tì wá mọ́lé."

Mo kọ "Ó ṣiṣẹ́." Ó ṣáà sọ ohun tí mo ní kó sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, kẹsàn-án

Òjò láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, a kò jáde. Ìyá Agbẹ̀bí ń sùn. Mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú, mo kọ ti òní. Ó dára lójú mi. Mo kọ ti ọ̀la. Ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè, mo ti kọ ọ́ dé ọjọ́ kẹrìndínlógún: "Ó ṣiṣẹ́, Ó ṣiṣẹ́, Ó ṣiṣẹ́," gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sí gbàgede, kò sí àbàwọ́n kankan. Mo buwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Ní kíláàsì wa, ìwé ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ni tíṣà máa ń gbé sókè. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọjọ́ Àìkú, kọkànlá

A lọ wo afárá olókùúta. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lórí odò yẹn lè ṣí fìlà lórí òkú. Orúnkún Bàbá Káfíńtà dá a dúró ní àárín afárá, a sì ti lọ síwájú. Nígbà tó bá wa, ó fa ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Akọ̀wé, mo tẹ nǹkan yìí o. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Fóònù ọmọ yín dún bí?"

"Kò dún."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dáhùn."

Mo ní màá kọ ọ́. Nígbà tí a délé, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo tẹ tèmi. Ọ̀gá Kékeré já wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lójú: "Màmá! Kí ló dé?" Ó ṣiṣẹ́. Mo wá rò ó pé bóyá Bàbá ni kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìka tó ti di òòlù fún àádọ́ta ọdún, ṣé ó máa mọ bọ́tìnnì tó tó hóró àgbàdo?

Mo ṣí ojú ìwé ti òní. Ó mọ́ tónítóní. Bí mo bá fagi lé e, ó máa dà bíi tẹni tí kò mọ̀wé. Màá kọ ọ́ sí ti ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, kejìlá

Ojú ìwé ti òní náà ti kún. Mo ti kọ ọ́ láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kẹtàlá

Ọ̀gá Kékeré jó lónìí. Ó gbá mi mú, ó yí mi po láàárín yàrá. Máníjà kọ̀wé sí i. Ojoojúmọ́ ló ń ya fọ́tò ojú ìwé mi ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ní nínú gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ yìí wò, tiwa ló mọ́ jù. Ẹ̀gbà kò kùnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, láti ọ̀la, kí ó yéé tẹ̀lé wa kiri. Kí arúgbó kọ̀ọ̀kan máa dá jáde, ẹ̀gbà ni kó máa ṣọ́ wọn. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti ń tẹ ìwé mi. Ìwé ìgbanisíṣẹ́!" Omi bọ́ lójú mi. Orí mi wú.

Bàbá Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró kí ọmọ náà jáde.

"Akọ̀wé, ẹ kọ tèmi?"

"Mo ti kọ ọ́."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní bí mo bá ti kọ ọ́, wọ́n ti máa tún un ṣe nìyẹn.

Irọ́ ni mo pa. Mo kọ ọ́ síbí kí ó lè wà níbì kan.

Ọjọ́rú, kẹrìnlá

Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ bá Ọ̀gá Kékeré kí n tó jẹun àárọ̀. Ó wà lórí fóònù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún un pé, "Màmá àgbà ló bá mi gba iṣẹ́ yìí o, ìwé tí wọ́n kọ ni." Mo gbé fọ́ọ̀mù padà sí yàrá.

Oòrùn yọ díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí ẹni tó bá ń ka èyí forí jì mí.

Gbọ̀ngàn àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní igi ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, kò sì sí ìṣó kan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Bàbá Káfíńtà ti gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Agogo mẹ́sàn-án ló jáde, òun nìkan. Ó wọ fìlà. Ó na ọwọ́ tó wọ ẹ̀gbà sókè sí wa bíi ọmọdé tí wọ́n ra aago fún.

Ọ̀sán ló yẹ kó dé. A jẹun ọ̀sán. Agogo kan kọjá. Ọ̀gá Kékeré wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Kò tẹ bọ́tìnnì. Ara rẹ̀ le. Ó ti rí igi, ó ti gbàgbé wa." Ìyá Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Lọ wò ó." Ó ní, "Màmá, tí mo bá lọ, ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ní agogo méjì mo tún ní kó lọ, kò lọ. Ní agogo mẹ́ta mo wọ bàtà, ó bínú, ó wọ tirẹ̀ náà.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn ti rí i kí a tó débẹ̀. Bàbá wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta, níbi tí ènìyàn kì í sábà gbà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti dá. Ilẹ̀ náà tutù bí yìnyín. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì pupa. Awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ló rọra bá a ká a kúrò.

Fóònù Ọ̀gá Kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò dún.

Ọjọ́ Ẹtì, kẹrìndínlógún

Ilé ìwòsàn. Funfun ni gbogbo nǹkan. Dókítà bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì bá wa sọ ọ́: ó ti pẹ́ jù lórí òkúta, òtútù ti wọ àyà rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye ọjà.

Bàbá Káfíńtà mọ̀ mí.

"Akọ̀wé, mo tẹ̀ ẹ́ o."

"Mo mọ̀ pé ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi fi kú." Ó sinmi díẹ̀. "Wọn ò ì tíì tún un ṣe ni?"

Mo nu ẹnu rẹ̀. Ó wá ń sọ fún mi nípa òrùlé ọ̀hún, bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi kan kó gbá èkejì mú bí ìka ọwọ́ méjì. Ó ní òun ti ṣe ilẹ̀kùn tó lé ní ẹgbẹ̀rún, òun kò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, kejìdínlógún

Bàbá Káfíńtà kú ní ìdájí. Òjò ń rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Máníjà fúnra rẹ̀ dé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀. Ó jókòó, ó tẹ́ fọ́tò àwọn ojú ìwé mi sórí tábìlì. Láti ọjọ́ kẹfà dé ọjọ́ kẹrìndínlógún.

"Ìyá, ẹ wò ó. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀gbà Bàbá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín kọ ọ́. Kódà, ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́bọ̀ gan-an."

Ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́bọ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ẹni tó ni ín wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wo ìwé mi tó gún régé.

Ó ní kò sí àní-àní, Bàbá bọ́ ẹ̀gbà náà sílẹ̀ nígbà tó ṣubú, tàbí kò rántí tẹ̀ ẹ́. Àgbà ló ń ṣe é. Ó fẹ́ kí n kọ lẹ́tà kékeré, èmi akọ̀wé, pé Bàbá fẹ́ràn láti máa bọ́ ọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ẹ̀gbà náà jáde fún títà. Ó wá fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Ìwé ọmọ yín wà níbí. Ìbuwọ́lù ló kù."

Ìyá Agbẹ̀bí ní, "Ọmọ mi, mo ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ oyún tó dùbúlẹ̀ sódì bí mo bá rí i."

Máníjà rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò gbọ́. Ọ̀gá Kékeré ò wo ojú mi.

Ọjọ́rú, kọkànlélógún

Mo pe Ọ̀gá Kékeré jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ti ọjọ́ tí òjò rọ̀, ti afárá, ti "mo ti kọ ọ́."

"Ojú ìwé wo, Màmá?"

"Gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ kan ni mo kọ ọ́."

Ó ní, "Èmi náà ò kà á. Mo kàn ń ya fọ́tò ni." Ó bo ojú. "Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ọdún méjì, Màmá! Ọdún méjì tí mò ń sìn wọ́n! Bàbá ti kú. Ṣé ìwé yín ló máa jí i dìde?"

"Ẹlòmíràn ló máa ra ẹ̀gbà yẹn, ọmọ mi. Ẹlòmíràn ló máa tẹ̀ ẹ́."

Ó dìde lọ sí ojú fèrèsé. Ó ní, láìyíjú padà, "Nígbà tí ẹ ò mọ̀wé, ẹ ò pa ẹnikẹ́ni lára."

Mo ti fi ojú mi rí ikú ọkọ, mo sì ti fi rí ikú ọmọ. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn. N kò sì lè bínú sí i. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kí tèmi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, kejìlélógún

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. Mo ya méjì dànù. Mo kà á fún Ìyá Agbẹ̀bí, ó ní kí n yọ òwe kúrò. Mo yọ wọ́n. Ohun tó kù nìyí:

"Èmi ni akọ̀wé. N kò dúró wo ẹ̀rọ kí n tó kọ pé ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ni mo kọ ti ọjọ́ mẹ́jọ, nítorí pé ó wù mí kí ìwé mi mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, Bàbá Káfíńtà pè mí lórí afárá, ó ní ẹ̀gbà òun kò dáhùn, kí n kọ ọ́. N kò kọ ọ́. Ó tún bi mí, mo ní mo ti kọ ọ́. Ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe tà á."

Ìwé mẹ́ta ni mo ṣe, mo buwọ́ lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Agbẹ̀bí fi ọ̀kan sínú kọ́mú rẹ̀. Mo tọ́jú ọ̀kan fún ọmọ Bàbá Káfíńtà.

Máníjà ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọ ohùn sílẹ̀: "Ìyá, a lè ya èyí. Kò sí ẹni tó rí i." Mo sọ ibi tí àwọn yòókù wà fún un. Kò kúnlẹ̀ kí mi nígbà tó ń lọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti gba fóònù iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kẹrìnlélógún

Wọ́n gba gbogbo ẹ̀rọ wọn, àti àpótí. A di aṣọ wa sínú ọ̀rá. Ọmọ ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́rú. Ó ń fún mi ní oògùn mi lásìkò, ó ń gbé omi sí i, á sì jáde.

Ọjọ́ Ajé, kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ òfurufú kan náà ló gbé àwa àti Bàbá Káfíńtà wálé. Wọ́n ní ká dúró lẹ́nu ilé ẹrù kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń dúró níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì irin, aṣọ dúdú, kò sunkún. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Mo ní mo ní ìwé kan fún un.

Ó ní, "Ẹ kà á fún mi. N kò mọ̀ ọ́n kà."

Mo kà á.

Ó ní, "Ẹ tún ibi tó ti pè yín lórí afárá kà."

Mo tún un kà.

"Ó ní kí ẹ kọ ọ́?"

"Ó ní kí n kọ ọ́."

"Ẹ tún un kà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti ń wò wá. Wọ́n pe orúkọ Bàbá láti inú ilé ẹrù. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Mo na ìwé náà sí i, kò gbà á.

"Àbúrò mẹ́rin ni mo ní nílé," ló wí. "Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa wá kà á fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo ní màá wá. Mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kọ̀. Ọmọ ọmọ mi, tó ti dúró lọ́ọ̀ọ́kán láti ìgbà tí a ti dé, rìn wá. Ó fi ọwọ́ sí mi lábẹ́ apá, ó gbé mi dìde, ó sì gbé ọ̀rá aṣọ mi kọ́ èjìká. A tẹ̀lé obìnrin náà.